Gígùn Àtẹ́lẹwọ́ Kan Lókè Àjà

Ìjọ ń kọ orin ìkẹyìn lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn nígbà tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ páànù ilé Màmá Sẹ̀gilọlá. Kí ẹni tó sáré lọ pe Màmá tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn aládùúgbò ti pa iná mànàmáná láti ìdí mítà, wọ́n ti fọ́ fèrèsé, wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀, wọ́n ti da omi, iná náà sì ti kú. Ohun tó kù kò dùn ún wò. Ihò tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn ti là sí àjà pálọ̀. Abẹ́ ihò náà gan-an ni àga Bàbá Matthew wà, ọkọ Màmá, tó dolóògbé ní ọdún méjì sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, Màmá kò jẹ́ kí àlejò kankan jókòó sí àga yẹn. Màmá fúnra wọn ni wọ́n máa ń sùn sí i lọ́sàn-án, lójoojúmọ́ àfi ọjọ́ Ìsinmi. Àga náà ti di eérú.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé fi máa mọ́, gbogbo àdúgbò ti mọ ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Sirajudeen ni, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ iná tó so wáyà ilé náà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ti wà ní àtìmọ́lé. Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá ti sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: tí kò bá sí ọ̀rọ̀ mìíràn, ilé ẹjọ́ ní agogo mẹ́sàn-án ọ̀la.

Inspẹ́kítọ̀ Ọlájùmọ̀kẹ́ dúró sí àárín pálọ̀ náà, ó ń wo òkè. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá tilẹ̀ dá ọmọ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, kò sí ẹni tí yóò tún ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ fún un n'Ìwó mọ́. Oníṣẹ́ iná tó bá sun ilé opó, ta ni yóò pè é?

Ọ̀gá Múyìíwá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń ṣe iṣẹ́ iná ní ìlú náà, òun ló sì kọ́ Sirajudeen níṣẹ́. Àwọn ọlọ́pàá ní kó wá fi ojú àgbà yẹ ibẹ̀ wò.

"Màdáámù, kí la tún fẹ́ máa wá?" Ó gbé orí sókè, ó káwọ́ sẹ́yìn. "Inú àpótí tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ yẹn ni iná ti bẹ̀rẹ̀. Ìsopọ̀ náà kò dì. Ọmọ tí kò ní sùúrù ló máa ń fi ọ̀rá wé wáyà. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́."

"Ẹ ò ní gun òkè lọ wò ó ni, sà?"

"Orúnkún mi ò gbà á mọ́, Màdáámù. Ṣé ẹ rí i, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo sọ fún un pé kó fara balẹ̀. Kò gbọ́."

Inspẹ́kítọ̀ mi orí. Ó yíjú sí Sájẹ́ńtì Dúró, tó ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Dúró, wá bá mi di àkàbà mú."

"Ẹ̀yin fúnra yín, Màdáámù? Pẹ̀lú ṣòkòtò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ yìí?"

"Ṣòkòtò ṣeé fọ̀. Ẹ̀wọ̀n ò ṣeé fọ̀."

Òkè àjà gbóná bí ààrò, òórùn igi tó jó sì há a lọ́fun. Ó fi ìkúnlẹ̀ rìn lórí igi àjà títí ó fi dé ìdí àpótí irin kékeré kan tí kò ju páálí ṣúgà lọ. Ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, sukúrúù méjì dì í pa. Ihò ẹ̀gbẹ́ tí wáyà gbà wọlé ni iná náà gbà jáde. Ó tú sukúrúù náà. Wáyà mẹ́ta tó dúdú ló bá nínú rẹ̀, wọ́n kúrú bí ìka ọmọdé, ó dà bí ẹni pé ńṣe ni wọ́n fà wọ́n kí wọ́n tó pàdé. Nǹkan dúdú kan ti yọ́ mọ́ wọn lára. Ó fi èékánná ha á. Ọ̀rá ni lóòótọ́. Ó fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán gbogbo rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

* * *

Nígbà tí wọ́n mú Sirajudeen jáde láti àtìmọ́lé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde. Báwo lo ṣe so wáyà òkè àjà Màmá? Má fo nǹkan kan."

"Mo pa iná láti ìdí mítà, mà. Mo so wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí konẹ́tọ̀ tó ń di orí wáyà pọ̀, mo fà wọ́n wò. Mo ká gígùn àtẹ́lẹwọ́ kan sínú àpótí, mo sì dé e."

"Gígùn àtẹ́lẹwọ́ wo nìyẹn?"

Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó fi hàn án láti ọrùn ọwọ́ títí dé ṣóńṣó ìka. "Bí ọ̀gá wa ṣe kọ́ wa nìyí, mà. Lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira, wọ́n gbé ọwọ́ mi lé wáyà lójú gbogbo èèyàn, wọ́n ní, 'Fi gígùn àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.' Tí ẹlòmíì bá fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe lọ́jọ́ iwájú, ó gbọ́dọ̀ rí wáyà gé. Tí wáyà bá kúrú, kò lè dì dáadáa."

"Èyí tí mo rí kò tó ìka mi."

Sirajudeen gbé orí sókè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná, ojú rẹ̀ yí padà. "Nígbà náà, ẹnìkan ti gé e, mà! Kì í ṣe èmi!"

"Irú konẹ́tọ̀ wo lo lò?"

"Tánganran, mà, mẹ́ta. Irú ti àtijọ́ yẹn. Màmá ló kó wọn fún mi, wọ́n ní ti ọkọ àwọn ni."

"Ṣé tánganran máa ń jó?"

"Kò lè jó, mà. Ilé lè jó tán, á ṣẹ́ kù sínú eérú."

Inspẹ́kítọ̀ Ọlájùmọ̀kẹ́ dìde láìparí tíì rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn kàn ní àtàrí, Sájẹ́ńtì Dúró ti wà lórí ìkúnlẹ̀ ní pálọ̀ Màmá Sẹ̀gilọlá, ó ń fi ajọ̀ Màmá jọ eérú.

"Màdáámù, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá, wọn ò sọ fún mi pé màá jọ èlùbọ́."

"Máa jọ̀ ọ́. Tí o bá jọ̀ ọ́ kúná, wọ́n á fún ẹ ní ìgbéga."

Wọ́n rí ìṣó. Wọ́n rí ṣíbí tíì kan. Wọ́n rí bọ́tìnì aṣọ òtútù Bàbá Matthew kan tó ti wà nínú àga náà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Màmá gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dì í mọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò rí tánganran kankan, ì báà ṣe odindi, ì báà ṣe èérún.

"Ọmọ mi," Màmá wí. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ wọn ṣì máa ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kọ ọ́ sí pátákó. "Mi ò gbàgbọ́ pé Sirajudeen ló ṣe é. Èmi ni mo kọ́ ọ ní A, B, D. Tó bá kọ lẹ́tà kan tí kò dára, á pa á rẹ́, á tún un kọ, títí tí ìwé á fi ya."

"Ẹ sọ ti tánganran yẹn fún mi, mà."

Màmá wọlé, wọ́n gbé agolo bisikíìtì kan jáde. Tánganran funfun méjì ló kù nínú rẹ̀. "Nígbà tí wọ́n wó ilé ìwòsàn àtijọ́ ti àwọn òyìnbó ajíhìnrere, Bàbá yín ṣà wọ́n nínú ilẹ̀. Márùn-ún ni. Wọ́n ní ohun rere kì í gbó. Ẹ yí i padà, ẹ wo ìdí rẹ̀."

Ẹ̀kán ọ̀dà pupa kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò tó orí ìṣáná.

"Gbogbo ohun tí wọ́n ní, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń sàmì sí i. Ọkọ́, ìjókòó, Bíbélì pàápàá." Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo ní ṣé èmi náà ò ní rí ọ̀dà pupa lẹ́yìn ọrùn mi lọ́jọ́ kan."

Inspẹ́kítọ̀ tọrọ ọ̀kan, ó sì rọra fi í sápò.

* * *

Ẹnìkan ṣoṣo ló tún ń gbé ilé náà, Tẹjúmọ́lá, ọmọ àbúrò Màmá, tó ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ó ti ń rọ Màmá kí wọ́n ta ilé, kí wọ́n bá òun lọ sí Ìbàdàn.

"Ta ló wọ ilé yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá?" Inspẹ́kítọ̀ bi í.

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Kò sẹ́nì kankan, mo ní. Ẹni tílé rẹ̀ ń jó kì í lé eku, Màdáámù. Ẹ lọ bá ẹni tó so wáyà. Ọmọ tí kò ní sùúrù ni!"

"Wọ́n ní o fẹ́ kí wọ́n ta ilé."

"Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀! Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Arúgbó kan ṣoṣo nínú yàrá mẹ́fà!" Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Kò wo ojú Inspẹ́kítọ̀. Àjà tó lu ló ń wò.

Nígbà tí wọ́n jáde, Dúró rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Odídẹrẹ́ Ìwó lèyí, Màdáámù. Ohun tí ẹnìkan kọ́ ọ ló ń wí. Ṣé ká mú un?"

"Irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn ìbéèrè kan. Ẹni tó fẹ́ sun ilé nítorí ilẹ̀, kí ni yóò fi konẹ́tọ̀ àtijọ́ mẹ́ta ṣe?"

Dúró fi bírò họ orí.

"Èmi náà ò mọ̀," Inspẹ́kítọ̀ wí. "Àmọ́ mo mọ irú èèyàn tí kò ní lè jù ú nù. Ìyá mi jẹ́ aránṣọ. Títí wọ́n fi kú, wọn ò ju bọ́tìnì kan nù rí."

* * *

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Múyìíwá ní ọ̀nà Ilé-Ogbó. Òun nìkan ló wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀yin ni mo wá bẹ̀. Tí adájọ́ bá bi mí lọ́la pé báwo ni ìsopọ̀ tó dára ṣe rí, kí ni màá sọ? Mi ò mọ wáyà yàtọ̀ sí okùn."

Àyà Ọ̀gá Múyìíwá wú. Ó nu tábìlì, ó gbé àpótí irin kan sórí rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Màdáámù. Ìwé ni ẹ kà, iṣẹ́ ni mo kọ́. Àkọ́kọ́, ẹ pa iná láti ìdí mítà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Ẹ fi tẹ́sítà kan wáyà, kí ẹ rí i dájú pé ó ti kú. Ọ̀pọ̀ òkú ló wà ní itẹ́ tó gbà pé iná ti lọ." Ó mú ẹ̀mú rẹ̀, ó bó orí wáyà pupa méjì láìha bàbà inú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ bí ọwọ́ ẹni tó ń dirun fún ọmọ rẹ̀. "Pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, wáyà tó wọ ilẹ̀ mọ́ èyí tó wọ ilẹ̀. Bàbà ò gbọ́dọ̀ yọjú níta. Ẹ fún sukúrúù rẹ̀, ẹ wá fà á. Tó bá tẹ̀ lé yín, ẹ tún un ṣe. Ẹ má wé e lásán kí ẹ fi í sí àjà ní gbangba. Inú àpótí ló ń gbé, pẹ̀lú ìdérí, kí iná má baà rí igi jẹ."

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn sínú agolo kan láìwo ibẹ̀, bí ẹni tó ti ń ṣe é láti ọgbọ̀n ọdún. Ọwọ́ náà mú nǹkan funfun kan jáde.

"Konẹ́tọ̀ tó dára jù nìyí. Irú rẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́."

Inspẹ́kítọ̀ Ọlájùmọ̀kẹ́ sún mọ́ tábìlì. Ó jẹ́ kí ó ti wáyà bọ̀ ọ́, kí ó fún un, kí ó fà á. Ìsopọ̀ náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí àánú rẹ̀ ṣe é. Ọ̀gá Múyìíwá ká wáyà tó kù sínú àpótí.

"Gígùn yìí ńkọ́, sà? Kí ló wà fún?"

"Háà, gígùn àtẹ́lẹwọ́ kan. Ìyẹn wà fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Ẹ ṣeun, sà." Ó na ọwọ́, ó yí konẹ́tọ̀ náà dojú délẹ̀. Ẹ̀kán ọ̀dà pupa kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó yọ ti àpò rẹ̀, ó gbé e tì í. Bí ìbejì ni wọ́n rí.

"Dúró!" ó pè. "Máa mú wọn bọ̀."

Màmá Sẹ̀gilọlá ló kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn wọn Tẹjúmọ́lá, lẹ́yìn rẹ̀ Sirajudeen pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́wọ́. Ọ̀gá Múyìíwá wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Kí lèyí? Mo rà á n'Ìbàdàn ni."

"Múyìíwá," Màmá wí jẹ́jẹ́, "ṣé Ìbàdàn náà ni wọ́n ti bá ẹ kán ọ̀dà ọkọ mi sí i?"

Inspẹ́kítọ̀ dìde.

"Láàárọ̀ yìí, ẹ dúró sísàlẹ̀, ẹ ní ọ̀rá ni wọ́n fi wé wáyà. Nígbà tí mo gòkè, àpótí náà ṣì wà ní dídé, sukúrúù méjì dì í pa. Ojú wo lẹ fi rí ọ̀rá nínú irin? Ìyẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé wáyà ti kúrú. Sirajudeen fi gígùn àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀. Ẹnìkan ti gé e pẹ̀lú konẹ́tọ̀ lórí, ó wá fi ọ̀rá so èyí tó kù wọ́rọwọ̀rọ. Eérú kò ní tánganran, tánganran kò sì lè jó. Nítorí náà ẹni náà kó o lọ. Ẹni tó fẹ́ jó ilé lásán kò ní wo ojú konẹ́tọ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni kò lè ju irinṣẹ́ tó dára nù, ì báà jẹ́ pé òun ni yóò pa á." Ó yíjú. "Tẹjúmọ́lá, mo tún bi ẹ́. Ta ló wọlé?"

Tẹjúmọ́lá ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Màmá.

"Ẹ dárí jì mí, mà. Ọ̀gá ni. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ẹ lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ iṣẹ́ ọmọ àwọn wò, kí n má sọ, kó má baà rò pé àwọn ò fọkàn tán an. Èmi ni mo di àkàbà mú. Nígbà tí ilé jó, wọ́n ní tí mo bá yanu, èmi ni wọ́n máa mú, torí ọ̀rọ̀ ilé títà."

"Orúnkún yẹn ò dùn wọ́n ní Ọjọ́bọ̀?" Dúró bèèrè.

"Wọ́n gùn ún bí ọ̀kẹ́rẹ́."

Ọ̀gá Múyìíwá bá jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti di ti arúgbó.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ṣọ́ọ̀ṣì tí mo so iná rẹ̀ nígbà tí ọmọ yìí ò tíì mọ ọ̀nà ilé-ìwé, òun ni wọ́n wá pè. Wọ́n ní, 'Ọ̀gá, ẹ lọ sinmi.' Gbogbo ilé tí mo bá kàn, Siraju, Siraju! Mi ò fẹ́ kó jó. Mo fẹ́ kí iná kú lásán, kí wọ́n sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dára, kí wọ́n wá pè mí."

"Inú àga yẹn ni Màmá máa ń sùn sí lọ́sàn-án," Inspẹ́kítọ̀ wí. "Ká ní kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi ni, òkú là bá máa wí." Ó fọwọ́ kan wáyà tó wà nínú àpótí náà. "Kò sí àpótí tí ẹ dé n'Ìwó tí ẹ ò fi gígùn àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, sà. Ẹni tó wá bọ̀ lẹ́yìn yín gan-an nìyí. Kí lẹ fi sílẹ̀ fún un?"

Dúró tú ṣẹkẹṣẹkẹ kúrò lọ́wọ́ Sirajudeen, ó sì fi í sí ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró, ó ń fọwọ́ pa ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kò búra, kò sì ṣépè. Nígbà tí gbogbo wọn jáde, òun ló padà wọ ṣọ́ọ̀bù náà, ó pa iná ibẹ̀ láti ìdí mítà, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

* * *

Ní agogo mẹ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó yẹ kí Sirajudeen wà níwájú adájọ́, òkè àjà Màmá Sẹ̀gilọlá ló wà. Àwọn kan tó ti bú u ní ọjọ́ Ìsinmi ló di àkàbà mú fún un. Àwọn mìíràn gbé igi wá, ẹnìkan gbé àga wá fún Màmá, gbogbo ojúde sì kún. Wáyà tuntun ni. Ṣùgbọ́n konẹ́tọ̀ Bàbá Matthew mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí wọ́n kó nínú agolo Ọ̀gá Múyìíwá, ló tún padà sáyè wọn.

"Siraju, ṣé ká tan án?" Dúró kígbe láti ìdí mítà.

"Ẹ má ì tan án! Ẹ jẹ́ kí n fà á wò!" Ó fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó ti dì. Ẹ tan án!"

Gílóòbù pálọ̀ mọ́lẹ̀ yòò. Ariwo sọ ní ojúde bí ìgbà tí wọ́n gba góòlù wọlé. Àwọn obìnrin ìjọ bú sí orin, Kareemah, ìyá Sirajudeen, tó jẹ́ Alhájà, ń bá wọn pàtẹ́wọ́ sí i, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Màmá Sẹ̀gilọlá wo ibi tí àga náà wà tẹ́lẹ̀, wọ́n wo iná, wọ́n sì di bọ́tìnì yẹn mọ́wọ́ pinpin.

Inspẹ́kítọ̀ Ọlájùmọ̀kẹ́ dúró sábẹ́ ihò àjà.

"Sirajudeen! Kí o tó dé e, kí lo fi sílẹ̀ níbẹ̀?"

Ọwọ́ kan yọ láti inú ihò náà, ó dúdú fún èédú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nà gbalaja, láti ọrùn ọwọ́ títí dé ṣóńṣó ìka, kí gbogbo àdúgbò lè rí i.